Bàbá, Èmi Ni Mo Tẹ Ìwé Náà

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí n kò sì sọ ọ́ létí yín rí,

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, mo gbé tákàdá lé itan. Ooru Houston kò yàtọ̀ sí ti ilé, àfi pé kò sí igi tí èèyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí mo páàkì sí. Mo ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta láti rìn yí ọkọ̀ ká, mo tún padà wọlé. Ara mi kò balẹ̀. Ó ti ju oṣù méjì lọ tí kò ti balẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo sì rò pé ó lè yé, ẹ̀yin tí n kò lè bi ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ò mọ̀. Mo ti padà sílé ìwé. Nígbà tí ẹ kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣì ń ti àwọn arúgbó kiri lórí kẹ̀kẹ́ nílé ìtọ́jú wọn. Ọkọ mi ló ní iṣẹ́ gidi nígbà náà, níléeṣẹ́ epo. Epo wá já wálẹ̀ lọ́jà, wọ́n dá òun àti àìmọye èèyàn dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì di ẹni tó ń wa takisí. Mo rò ó pé bí ìlú yìí bá lè já ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ jù sílẹ̀, àfi kí èmi náà wá nǹkan kọ́ tí kò jẹ mọ́ epo. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fíríwèé, irú èyí tí àwọn tó ti lọ́mọ, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, máa ń lọ. Ọdún méjì ni. Páràlígà ni wọ́n ń pe ohun tí mò ń kọ́. Ẹ má rò pé lọ́yà ni mo fẹ́ dà o. Ẹni tó ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ ni: ó ń wá ìwé, ó ń to ìwé, ó ń tẹ èyí tí lọ́yà máa fọwọ́ sí. Kò gbọdọ̀ gba ẹjọ́ rò níwájú adájọ́, kò sì gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí òfin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni olùkọ́ wa ti kọ ìyẹn sára pátákó, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ jíṣẹ́. Ó ní bí ìwé kò bá tẹ olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́, adájọ́ kàn jókòó sórí òfo ni pẹ̀lú gbogbo gáwùn tó wọ̀. Àwọn tó kù nínú kíláàsì ń yán. Èmi mú bírò dání, n kò lè kọ nǹkan kan. Iṣẹ́ yín ló ń sọ, Bàbá. Mo ti dé orílẹ̀-èdè àwọn ẹlòmíràn, mo ti di ìyá ọmọ, kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé iṣẹ́ yín wúlò.

Mo rántí yín pẹ̀lú ṣòkòtò kakí tí ẹ lọ̀ tí ìlà ìlọ̀ rẹ̀ mú bí abẹ, ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya tí ẹ fi ń nu bàtà, àti ìgò omi tí ẹ máa ń so mọ́ kẹ̀kẹ́, nítorí ẹ kì í mu omi nílé ẹni tí ẹ bá gbé ìwé kóòtù lọ bá. Mo rántí pé ẹ máa ń kí ajá ilé kí ẹ tó kí onílé. Gbogbo Ṣàgámù ló mọ̀ yín sí bélíìfù, àwọn àgbà sì ń pè yín ní akódà. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ wá kó àga bàbá àwọn. Mo wá parọ́ nígbà tí mo dé ilé ìwé girama. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé tíṣà ni bàbá mi.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ ìbẹ̀wò tí ẹ wá? Ẹ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, nínú kakí, ẹ gbé dùndú àti ata lọ́wọ́. Mo rí yín láti fèrèsé yàrá ibùsùn wa. Mo rán ọmọ kíláàsì kìíní kan pé kó sọ pé mo ti bá wọn lọ sóko ilé ìwé. Ẹ dúró títí agogo fi lù. Ẹ gbé oúnjẹ náà fún ẹni tó ń ṣọ́ gẹ́ètì, ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, ẹ ò bi mí, n kò sì sọ. Ṣé ẹ rí orí mi lójú fèrèsé? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí títí.

N kò tíì sọ ohun tó gbé mi wá sídìí lẹ́tà yìí.

Ṣadé, ọmọ ọmọ yín, ti pé ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ tí mo fi ń lè lọ sí kíláàsì ni Màmá Bùsọ́lá. Wọ́n á tó ọmọ ọgọ́ta ọdún. Bùsọ́lá ọmọ wọn ló mú wọn wá sí Houston láti wá gbọ́mọ. Nígbà tí iṣẹ́ gbé Bùsọ́lá àti ọkọ rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, Màmá ní ó ti rẹ àwọn láti máa di ẹrù, wọ́n dúró. Apátímẹ́ǹtì kan náà là ń gbé ní Sharpstown, àwa lókè, àwọn nísàlẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ àwọn nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi. Wọ́n ń bọ́ wọn ní ẹ̀wà tí wọ́n fi ata ìjábẹ̀ pò, wọ́n ń kọ́ wọn láti kúnlẹ̀ kí àgbà. Ẹnu wọn ni Ṣadé ti gbọ́ Yorùbá. Wọ́n á ní, “Mo máa nà ọ́ o,” kí ọmọ náà tó sunkún tán, ó ti wà lẹ́yìn wọn.

Ẹnì kan wá ra gbogbo ilé náà níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Onílé tuntun yìí kò fẹ́ ariwo ọmọdé. Mánéjà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri láàárọ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, ó ń kọ nǹkan. Mo máa ń kí i. N kò bi í léèrè ohun tó ń kọ.

Sáà tí a wà yìí ni wọ́n pín wa sí ọ́fíìsì àwọn lọ́yà láti lọ kọ́ṣẹ́. Bí èèyàn kò bá ṣe é parí, kò lè gba oyè. Ọ̀dọ̀ obìnrin òyìnbó kan ni wọ́n fi mí sí, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dín dónọ́ọ̀tì. Ẹjọ́ àwọn onílé ló ń gbà rò jù. Inú mi dùn. Mo ní tábìlì tèmi, mo ní ẹ̀rọ táípù tó ń lo iná.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá mi yìí gbé fáìlì kan síwájú mi pé kí n tẹ ìwé ẹjọ́ inú rẹ̀. Mo ti tẹ àdírẹ́ẹ̀sì tán kí n tó rí i pé ilé wa ni. Mo wo nọ́ńbà yàrá. Mo wo orúkọ. Wọ́n kọ orúkọ náà lọ́nà tí kò sí Yorùbá tó lè pè é, ṣùgbọ́n Màmá Bùsọ́lá ni. Onílé fẹ́ kí kóòtù lé wọn jáde, pé wọ́n sọ ilé gbígbé di ibi òwò, pé ọmọ mẹ́fà ń wọlé ń jáde níbẹ̀. Ìwé tí mánéjà kọ wà lẹ́yìn rẹ̀: nọ́ńbà ọkọ̀ gbogbo ẹni tó ń gbé ọmọ wá láàárọ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ wa ló ṣe ìkẹta.

Mo tẹ̀ ẹ́ dópin, Bàbá. N kò ṣe àṣìṣe kan.

Lẹ́yìn náà ni mo tó lọ bá ọ̀gá mi, mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni ọmọ mi máa ń wà lọ́sàn-án. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, “O ṣeun tí o sọ. O kò ní fọwọ́ kan fáìlì yìí mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o rí nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí olùkọ́ wa kọ́ wa gan-an ló sọ. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tí mo délé, ìyẹn náà kò sì yẹ kí n sọ. Ó dá ṣíbí oúnjẹ dúró.

“Pa ẹnu ẹ mọ́ o. Ìwé tí ò ń kà yìí nìkan ló kù tí à ń wò.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé Ṣadé lọ, mo kúnlẹ̀ kí Màmá. Ọjọ́rú, mo kúnlẹ̀. N kò lè wò wọ́n lójú, mo ń wo ilẹ̀, wọ́n sì rò pé wàhálà ìwé kíkà ló ń dà mí láàmú. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n na mọ́ínmọ́ín sí mi, ó ṣì gbóná nínú bébà fàdákà tí wọ́n fi wé e.

“Gbà, jẹ ẹ́ kí o tó wọ kíláàsì. O ti ń rù.”

Mo jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Ó dùn.

Ní Ẹtì, mo lọ gbé ọmọ lọ́sàn-án. Àwọn yòókù ti lọ. Màmá ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa, wọ́n mú ìwé kan lórí fìríìjì. Bíbélì Yorùbá ni Màmá máa ń kà, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kò yé wọn.

“Ìwọ tó ń kọ́ òfin, bá mi wo nǹkan tí ọkùnrin kan gbé wá láàárọ̀. Ìbọn wà níbàdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìjọba ló ń pè mí, mi ò lọ ibì kankan o. Mo máa tilẹ̀kùn mi ni.”

Mo mọ ohun tí ìyẹn máa já sí. Bí wọn kò bá yọjú, adájọ́ á dá a lẹ́yìn wọn, wọ́n á sì wá kó ẹrù wọn síta. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ta ni mo fẹ́ bi? Ẹ̀yin ni ọkàn mi sá lọ bá. Mo rántí ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ẹ gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tí ẹ lè fi mí tì. Ẹ fún àgbẹ̀ kan ní ìwé, ó rún un mọ́wọ́. Iṣẹ́ yín ti parí nìyẹn. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ẹ gba ìwé náà padà, ẹ tẹ́ ẹ lórí itan, ẹ kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ pe ọjọ́ ẹjọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ò sọ ohun tó máa ṣe. Ó ṣépè fún yín, ẹ ní ó dàbọ̀. Nígbà tí mo bi yín lọ́nà, ẹ ní, “Ẹni tí wọ́n bá pè, ó yẹ kó gbọ́ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè é.” N kò mọ̀ pé gbólóhùn náà ṣì wà níbì kankan nínú mi.

Mo jókòó. Mo ka ìwé náà fún Màmá ní Yorùbá, gbogbo rẹ̀, láìfi tèmi kún un. Mo ka ọjọ́, mo ka wákàtí, mo ka orúkọ àdúgbò tí kóòtù wà. Mo tún ọjọ́ náà kà. Ṣadé wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ó ń fi òrùka wọn ṣeré.

“Ta ló jókòó kọ irú èyí nípa mi?”

Mo lè ní onílé ni. Òótọ́ ni ì bá jẹ́.

“Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, Mà. Ọ́fíìsì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbé e wá ní Ọjọ́ Ajé.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́, ohùn wọn kò sì lọ sókè rárá. “Ajé. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀.” Wọ́n dúró síbẹ̀. “Mo fún ẹ ní mọ́ínmọ́ín lánàá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“O sì jẹ ẹ́.”

Wọ́n gbé Ṣadé sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mú báàgì rẹ̀ wá, wọ́n wọ bàtà fún un fúnra wọn, wọ́n so okùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní, “Ó dàárọ̀ o.” Oòrùn ṣì wà lókè.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sọ ohun tí mo ṣe fún ọ̀gá mi. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ bí n kò bá sọ, mo ṣáà sọ. Ó bi mí bóyá mo sọ ohun tí wọ́n máa wí ní kóòtù fún wọn. Mo ní rárá, mo kà á ni, mo sì sọ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kó ẹrù mi. Olùkọ́ wa náà pè mí. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kíka ìwé fún ẹni tí wọ́n ti fi jíṣẹ́ fún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Sísọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì ni ẹ̀ṣẹ̀. N kò ní lè bá àwọn ẹgbẹ́ mi gba oyè. Mo máa tún ìkọ́ṣẹ́ náà ṣe ní sáà tó ń bọ̀, níbòmíràn, bí wọ́n bá rí ẹni tó máa gbà mí. Ọkọ mi ní, “Méjèèjì ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ, Màmá àti ìwé ẹ.”

Lọ́jọ́ ẹjọ́, mo sá kíláàsì, mo lọ jókòó sẹ́yìn nínú kóòtù. N kò mọ̀ bóyá Màmá máa wá. Wọ́n wá. Ìró àti bùbá tí wọ́n fi ń lọ sóde ni wọ́n wọ̀, wọ́n wọ súwẹ́tà lé e. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti bá wọn rí lọ́yà kan tó ń gbẹjọ́ àwọn tí kò lágbára, ọmọdébìnrin kan tó ń sáré sọ̀rọ̀. Òun àti ọ̀gá mi àtijọ́ jọ sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n wá sọ fún adájọ́ pé àwọn ti gbà: Màmá máa kó lọ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, onílé máa fa ẹjọ́ náà yọ, kò sì ní sí àkọsílẹ̀ kankan pé kóòtù lé wọn nílé rí. Wọn kò borí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ju bẹ́ẹ̀dì wọn síta. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nígbà tí wọ́n ń jáde, wọn kò yí orí.

Wọ́n kó lọ sí Greenspoint, níhà àríwá. Mo rí ọkọ̀ tó wá kó ẹrù wọn láti òkè ilé wa. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn gbé àga. Mo dé àárín àtẹ̀gùn, mo padà.

Mo gbé Ṣadé lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ kan nítòsí. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò jẹun níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí níbi tí Màmá wà, ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá, ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tẹlifóònù dún. Mo mọ ohùn náà kó tó parí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

“Ọmọ yẹn kò ṣẹ̀ mí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kó ti wà níbí.”

Wọ́n pe àdírẹ́ẹ̀sì wọn fún mi, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, n kò tíì dáhùn. Láti ìgbà náà, mò ń wakọ̀ láti Sharpstown lọ sí Greenspoint lárààárọ̀, fíríwèé á dì pa, màá tún yí padà wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọkọ mi ní orí mi ti dàrú. Bóyá ó ti dàrú. Lárààárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, “Ẹ kú àárọ̀, Mà.” Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Wọn kì í dá mi lóhùn. Màá dìde, màá máa lọ.

Bàbá, àwọn tí ẹ gbé ìwé fún ní Ṣàgámù, ṣé wọ́n padà kí yín? Ọdún mélòó ni ẹ fi ń kí ẹni tí kò dáhùn? Ṣé ẹ sùn dáadáa? Bí ẹ bá tún wá sí ilé ìwé lónìí pẹ̀lú kakí, màá já àtẹ̀gùn sílẹ̀ ni, màá so mọ́ yín lọ́rùn lójú gbogbo wọn. Àánú ara mi ló ń mú mi sọ ọ́, mo mọ̀. Ẹ ò lè wá mọ́.

Ìdánwò ń bẹ lọ́la lórí ìwà tó yẹ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òfin. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo mọ ìdáhùn tí wọ́n fẹ́. N kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé màá kọ ọ́.

Lánàá, mo lọ gbé Ṣadé. Mo ti kánjú láàárọ̀, n kò fi kóòmù kan irun rẹ̀ rárá. Ó jáde sí mi pẹ̀lú ṣùkú lórí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dọ́gba, wọ́n fi òróró pa ojú ọ̀nà rẹ̀ tó ń dán. N kò bẹ Màmá pé kí wọ́n dì í. Irú dídì bẹ́ẹ̀ á gbà tó wákàtí méjì, ọmọ yẹn kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, orí ọmọ ni wọ́n ń wò, wọn kò wo èmi.

“Fi ìborùn wé e lórí kó tó sùn, kó má baà tú.”

Wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlẹ̀kùn, títí tí Ṣadé fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí láṣọ pé ebi ń pa òun.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń wá yín kiri nínú gbogbo nǹkan,
ní Houston.